Ẹni tó bá mọ̀ nípa títún táípúráítà àtijọ́ ṣe, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Akọ̀wé
Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Táípúráítà bàbá mi àgbà ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, Olivetti Lettera 22. Inú àpótí rẹ̀ ló wà lórí àjà láti ìgbà tí bàbá ti fẹ̀yìn tì. Bí mo bá tẹ lẹ́tà, kárééjì, ìyẹn apá òkè tó ń gbé ìwé lọ, kì í sún. S àti E á dìde, wọn ò ní padà sílẹ̀. Rólà rẹ̀, rọ́bà tí à ń yí ìwé mọ́, ti le gbagidi. Lẹ́tà ò sì hàn lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ríbọ́ọ̀nù tuntun (aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní yíǹkì) ni mo rà sí i. Mo fẹ́ tú u palẹ̀ pátápátá kí n fọ̀ ọ́. Irinṣẹ́ wo ni kí n rà? Kí ni kí n fi fọ̀ ọ́? Àbí ẹ mọ ẹnikẹ́ni n'Íbàdàn tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí?

Alátùn-únṣe_Maṣíìnì
Ọmọ mi, má tú u palẹ̀ pátápátá. Ní 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ẹ̀rọ yẹn ní Ítálì. Ó kéré, ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n irin wẹ́wẹ́ tó so kọ́ra ló kún inú rẹ̀, bó o bá sì tú wọn tán, ta ni yóò bá ọ tò ó? Ìbòrí àti panẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ nìkan ni kó o ṣí, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ inú. Fi fóònù ya fọ́tò kó o tó yọ síkúrù kankan. Síkúrúdíráfà tí ẹnu rẹ̀ bá ojú síkúrù mu ni kó o lò, irú èyí tí a fi ń tú maṣíìnì ìránṣọ. Èyí tó bá kéré jù á jẹ orí síkúrù, wàhálà dé nìyẹn.

Ti S àti E, ìdọ̀tí ni. Wo ibi tí ìdí àwọn irin lẹ́tà ti wọ inú àlàfo tóóró-tóóró tó tò bí eyín ìyàrun. Epo tí wọ́n kán síbẹ̀ láyé ọjọ́un ló ti gbẹ, tó gbá eruku àti ẹ̀rún irésà mọ́ra. Ki búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù bọ kẹrosíìnì díẹ̀, fi gbo ibẹ̀, máa gbé irin náà sókè sódò, nù ún, kó o tún gbo ó, títí yóò fi máa já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Má kán epo síbẹ̀ padà o! Ibẹ̀ kò fẹ́ epo rárá. Ojú irin tí kárééjì ń gbà lọ gbà bọ̀ ló lè gba epo maṣíìnì, ẹ̀kán kan sọ́tùn-ún, ẹ̀kán kan sósì, ó tán.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ kẹrosíìnì máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ọ̀rá yẹn á sì tún pe eruku. White spirit ni mo ń lò níbí, èyí tí àwọn apènti fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá sí ọ̀nà míì ju kẹrosíìnì lọ, ẹ fi sípíríìtì (methylated spirit) ṣan ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó má kan ọ̀dà ara ẹ̀rọ. Ẹ má sún mọ́ tínà ní tiyín: á bó ọ̀dà, á yọ́ ohun tó bá jẹ́ ike. Ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, kí iná má sí nítòsí.

Alátùn-únṣe_Maṣíìnì
Ìyá Ìbejì, kẹrosíìnì la fi ń ṣe é kí wọ́n tó bí ọ, àwọn ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ti sípíríìtì yẹn, mo gbà.

Táípíìsì_Àná
Kárééjì lẹ ò tíì dáhùn. Àbúrò, kó o tó mú síkúrúdíráfà rárá, fi ọwọ́ rọra fa kárééjì sí òsì, kó o máa tẹ ọ̀pá gígùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń fàyè sílẹ̀. Ṣó ń rìn ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀? Bó bá ń rìn bẹ́ẹ̀, ara rẹ̀ le, okùn tó ń fà á ló já tàbí tó yọ. Okùn náà so mọ́ àgbá kékeré kan lẹ́yìn, sípíríǹgì ló wà nínú àgbá ọ̀hún. Okùn ìpẹja tó lágbára ṣe é fi rọ́pò rẹ̀. Àgbá yẹn ni kó o bẹ̀rù: dì í mú gírígírí bó o bá ń wé e, torí bó bá yọ lọ́wọ́ rẹ, gbogbo agbára rẹ̀ ló máa tú lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè ya ọmọ ìka. Bí kárééjì ò bá mira rárá, ó lè ti dé máàjìnì ọ̀tún. Tẹ bọ́tìnì tó ń tú máàjìnì sílẹ̀.

Ti lẹ́tà tí ò hàn: wo irin kékeré tó ní àmì àwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn bọ́tìnì. Ó ṣeé ṣe kó wà lórí funfun. Ibẹ̀ la máa ń gbé e sí láyé ọjọ́un bí a bá fẹ́ táìpù sórí sítẹ́ńsì, ìyẹn ìwé onída tí lẹ́tà á gún, ká wá fi Gestetner, ẹ̀rọ tó ń tẹ ẹ̀dà púpọ̀, tẹ ìbéèrè ìdánwò jáde. Ríbọ́ọ̀nù kì í dìde níbẹ̀. Àwọn kan ti sanwó fún aláṣe lórí èyí nìkan ṣoṣo.

Ọmọ_Akọ̀wé
Há! Funfun ló wà lóòótọ́. Mo sún un, lẹ́tà yọ dúdú kirikiri. Okùn náà ló sì já, mo ti rí orí rẹ̀. Rólà ńkọ́? Kò sì ní nọ́ńbà 1, àbí ẹnì kan ti yọ ọ́ ni? Mo tún fẹ́ fi kọ Yorùbá.

Ará_Àkúrẹ́
Rólà tó ti le kò ní kó má ṣiṣẹ́. Ẹ ki ìwé méjì bọ̀ ọ́ pọ̀, ti ẹ̀yìn á gba ìyà fún ti iwájú. Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń fi rọ́bà tuntun bo rólà, ṣùgbọ́n owó ìfiránṣẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ẹ̀rọ míì. Ti aláṣe n'Íbàdàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń táìpù afidáfíìtì níwájú kọ́ọ̀tù Ìyágankú, bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ ọ́n, àwọn ni. Ẹ má sì ju sípúùlù irin tó bá a wá nù. Ríbọ́ọ̀nù tó fẹ̀ tó mílímítà 13 ni kí ẹ máa rà, kí ẹ yí i sórí èyí tó wà tẹ́lẹ̀.

Táípíìsì_Àná
Kò sẹ́ni tó yọ 1. Lẹ́tà l kékeré la fi ń kọ ọ́. Ti Yorùbá: tẹ o, tẹ bọ́tìnì ìpadàsẹ́yìn, tú rólà sílẹ̀, yí i sókè díẹ̀ kó o sì tẹ àmì ìdánudúró, ọ yọ nìyẹn. Ó ń fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ìwé bá gùn. Àmì ohùn ní tirẹ̀, báírò la fi ń fi sí i lẹ́yìn tí ìwé bá ti jáde.