Ilé wa ní Gillingham tí a ṣì ń san mọ́gééjì rẹ̀: báwo ni a ṣe lè gba ayálégbé síbẹ̀ nígbà tí a bá ń gbé Ìbàdàn?

Ìyá Ìbejì (Gillingham):
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi rí iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta sí Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ sì ti di ẹni tí kò yẹ kí a dá fi sílẹ̀ mọ́, nítorí náà a ti pinnu pé ìparí oṣù kẹjọ ni a óò kó kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ọdún 2019 ni a fi mọ́gééjì, ìyẹn owó tí báńkì yá wa, ra ilé oníyàrá mẹ́ta tí à ń gbé yìí. Ó ku £180,000 tí a jẹ báńkì, èlé tí wọ́n sì dè fún wa, ìyẹn èyí tí kò lè yí padà fún sáà kan, yóò tú ní oṣù kejì ọdún tí ń bọ̀. A kò fẹ́ tà á. Éjẹ́ǹtì kan tó wá wo ilé náà ní ọjọ́ Sátidé sọ pé a lè máa rí £1,450 gbà lóṣù.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mọ́gééjì ẹni tó fẹ́ fúnra rẹ̀ gbé inú ilé ni a gbà. Àbúrò ọkọ mi ní kí a má sọ nǹkan kan fún báńkì, pé bí owó wọn bá ti ń wọlé lóṣooṣù, ta ni yóò bi wá léèrè? Ṣé kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn ni, tàbí kí a ti pààrọ̀ rẹ̀ sí buy-to-let, ìyẹn mọ́gééjì ilé tí a fi ń gba ayálégbé, kí a tó wọ ọkọ̀ òfuurufú? Ṣé àwọn báńkì ibí tilẹ̀ ń dá ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà lóhùn?

Alágbàtà Àná (Lọ́ńdọ̀nù):
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Mo ṣe alágbàtà mọ́gééjì fún ọdún mọ́kànlá kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ìmọ̀ràn àbúrò ọkọ yín. Bí ẹ bá kó ayálégbé wọlé láìgba àyè, ẹ ti yẹ àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí, báńkì sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹ san gbogbo gbèsè náà lẹ́ẹ̀kan. Kì í sábà le dé ibẹ̀. Èyí tó ń dun ènìyàn jù ni ti ìṣúráǹsì: bí páìpù bá bẹ́ tí omi sì ba ilé jẹ́, tí wọ́n wá rí i pé ayálégbé ló wà níbẹ̀ dípò onílé, wọ́n lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀.

Ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ béèrè fún ni ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n ń pè ní consent to let. Mọ́gééjì yín yóò wà bó ṣe wà. Báńkì kàn gbà pé kí ẹ fi ayálégbé sínú ilé fún sáà kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọdún kan, tàbí títí èlé tí wọ́n dè yóò fi tú. Báńkì kan lè gba owó ìwé, òmíràn lè fi díẹ̀ kún èlé, òmíràn kò sì ní gba nǹkan kan. Ẹ sọ fún wọn ní kedere pé ẹ ń kúrò ní ìlú, nítorí àwọn kan wà tí ìlànà wọn fún ẹni tó kó lọ sí Leeds yàtọ̀ sí ti ẹni tó kó lọ sí Ìbàdàn. Bí ẹ bá sì fi ìkánjú já èlé tí wọ́n dè kí ó tó tú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bu owó ìtanràn lé yín, nítorí náà n kò rí ìdí tí ẹ fi níláti sáré wọ buy-to-let kí oṣù kejì tó dé.

Ti buy-to-let yàtọ̀. Èlé nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń san lórí rẹ̀ lóṣù, ojú owó ṣì ń dúró dè wọ́n lẹ́yìn ọ̀la, báńkì sì sábà máa ń fẹ́ kí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin iye ilé náà jẹ́ ti onílé. Owó tí ayálégbé ń san ni wọ́n ń dán wò jù. Ká ní wọ́n fi 5.5% ṣírò £180,000 yín, èlé oṣù kan jẹ́ £825. Bí wọ́n bá fẹ́ kí owó ilé tó 145% rẹ̀, ó di nǹkan bí £1,196, £1,450 yín sì kọjá rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí 7% ni wọ́n bá fi ṣírò, yóò di nǹkan bí £1,522, kò sì ní ṣeé ṣe. Ìdánwò yìí sábà máa ń rọ̀ fún ẹni tó bá mú èlé tí a dè fún ọdún márùn-ún.

Ní ti náírà, òótọ́ ọ̀rọ̀ korò: àwọn tó ń yá ẹni tó ń gbé òkè òkun lówó kò pọ̀, èlé wọn ga, wọ́n sì ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń gbà àti èyí tí wọn kì í gbà. Oṣù kejì ọdún 2023 ni FATF, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti owó ẹ̀gbin, fi Nàìjíríà sára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣọ́ nítorí owó ẹ̀gbin, oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n tó yọ ọ́, báńkì kì í sì í tètè gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù fún yín ni kí ẹ dúró ti báńkì yín. Bí wọ́n bá fa ìyọ̀ǹda náà gùn, tí wọ́n sì gbà kí ẹ mú èlé tuntun lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ti àtijọ́ bá tú, ó lè jẹ́ pé wọn kò ní béèrè ìwé owó oṣù yín rárá. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn gan-an kí ẹ tó lọ.

Ará Bódìjà:
Ìyá Ìbejì, ẹ káàbọ̀ ṣáájú kí ẹ tó dé. Ilé tiwa wà ní Thamesmead, báńkì sì fún wa ní ìyọ̀ǹda láìgba kọ́bọ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti yí àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí wa padà. Ayálégbé wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Gbogbo lẹ́tà tó bá já sẹ́nu ọ̀nà ló ń kó sínú àpò náílọ́ọ̀nù kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà òjò àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń retí kí ẹnìkan wá gbà á. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi débẹ̀ nítorí ẹ̀rọ omi gbígbóná, lẹ́tà mọ́kànlá ló bá nínú àpò náà, mẹ́ta nínú wọn sì ń kìlọ̀ pé èlé tí wọ́n dè fẹ́ tú. Ó ti tú láti oṣù mẹ́rin. £712 tí à ń san lóṣù ti di £1,200, èmi tí mo sì ń rí i pé owó ń lọ sílẹ̀ nínú àkáǹtì rò pé éjẹ́ǹtì ló ń yọ owó àtúnṣe.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹ fẹ́ padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2026, òfin tuntun ní England ti fòpin sí lílé ayálégbé jáde láìsọ ìdí. Onílé tó bá fẹ́ padà wọ ilé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbà á, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́rin, kò sì lè gba ilé náà láàárín ọdún kìíní tí ayálégbé wọlé.

Olùṣírò Owó (Manchester):
Ẹ jẹ́ kí n fi ti owó orí kún un. Onílé tó bá ń lo oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóde ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún wà lábẹ́ Non-Resident Landlord Scheme, ètò owó orí fún onílé tó ń gbé òkè òkun: éjẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ máa yọ 20% lára owó ilé, lẹ́yìn ìnáwó tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, kí ó fi ránṣẹ́ sí HMRC, àjọ tó ń gba owó orí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fọ́ọ̀mù NRL1 ni ẹ óò fi tọrọ kí owó yín máa wọlé lódidi, ẹ̀yin àti ọkọ yín ni yóò sì kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kì í ṣe pé wọn kò ní bu owó orí lé e mọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò rẹ̀. £1,450 lóṣù jẹ́ £17,400 lọ́dún. Ká ní éjẹ́ǹtì àti àtúnṣe gba £3,000, ó ku £14,400. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, a kò lè yọ èlé mọ́gééjì kúrò nínú èyí mọ́. Ẹ̀dínwó owó orí tí kò ju 20% èlé náà lọ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Bí ilé náà bá jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì ní dọ́gbadọ́gba, £7,200 ló kan ẹnìkọ̀ọ̀kan, ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ní £12,570 tí wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní owó mìíràn tó ń wọlé níbí, ẹ kò ní san nǹkan kan. Síbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa kọ ìwé owó orí lọ́dọọdún. Ojú òpó HMRC fúnra rẹ̀ kì í gba SA109 tí ẹni tó ń gbé òkè òkun níláti fi sí i, nítorí náà ẹ óò ra ètò kọ̀ǹpútà fún un, tàbí kí ẹ fi bébà ránṣẹ́ kí ó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí wọ́n tà á? Ilé tí ènìyàn kò sí nítòsí rẹ̀, làálàá ni.

Olùṣírò Owó (Manchester):
Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní wọn kò fẹ́ tà á. Ohun kan tún wà tó ti ìpinnu wọn lẹ́yìn: ẹni tí iṣẹ́ gbé lọ sí òkè òkun, tó sì ti gbé inú ilé náà tẹ́lẹ̀, bí ó bá padà wá gbé inú rẹ̀, wọn yóò ka àwọn ọdún tí kò sí nílé mọ́ ọdún tó fi gbé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó orí lórí èrè títà. Bí ó bá tà á láìpadà, oṣù mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn nìkan ni wọn yóò fi kún ìgbà tó fi gbé ibẹ̀, ó sì ní ọgọ́ta ọjọ́ péré láti fi ọ̀rọ̀ títà náà tó HMRC létí.

Ìyá Ìbejì (Gillingham):
Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Mo pe báńkì láàárọ̀ yìí. Wọ́n yóò fún wa ní ọdún kan, wọ́n sì ń béèrè ìwé ìṣúráǹsì onílé. Ìbéèrè kan ló kù. Àbúrò ọkọ mi tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òun fúnra òun fẹ́ máa gbé ibẹ̀, pé òun yóò máa san £900. Ṣé ìyẹn náà níláti kan báńkì?

Alágbàtà Àná (Lọ́ńdọ̀nù):
Ó kàn wọ́n dáadáa. Ọ̀pọ̀ mọ́gééjì buy-to-let ni kì í gbà kí ìbátan onílé gbé inú ilé náà, £900 kò sì tó £1,196 tí mo ṣírò lókè.

Ìyá Ìbejì (Gillingham):
Mo ti fi ìṣirò yín hàn án. Ó ní kò burú, pé òun yóò máa bá wa kó lẹ́tà.