Kẹ̀kẹ́ ló bá mi mú ọmọ mi ní Peckham. Ẹ̀yin náà ẹ sọ tiyín

Màmá Peckham:
Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, ó gùn díẹ̀ o, ẹni tí ò bá ráyè kó fò ó.

2014 ni. Ọmọ mi àbígbẹ̀yìn, ọkùnrin, ọmọ ọdún 13. Sukúù ti ní kó máa lọ sílé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n máa lé e pátápátá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé London mọ ìjà postcode yìí, ìyẹn nọ́ńbà àdúgbò tí à ń kọ sára lẹ́tà, pé ọmọ SE15 tiwa ní Peckham ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ SE17, bíi pé bàbá wọn ló ra ilẹ̀, àwa tá à ń san rẹ́ǹtì fún káńsù! Lọ́jọ́ kan mò ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì ẹ̀ ni mo bá rí ọ̀bẹ, kì í ṣe ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ẹ̀fọ́ o, èyí tó ń ká bọ inú èèkù ẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Peckham yìí náà ni Damilola Taylor, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n gún lẹ́sẹ̀, kú sí ní November 2000, ọmọ ọdún 10, ẹni tó bá wà ní Rye Lane nígbà yẹn ò lè gbàgbé.

Bàbá ẹ̀ ní ó tó, ká fi ránṣẹ́ sílé, kó lọ máa gbé bọ́dìn ní Ìjẹ̀bú. Oògùn táwa òbí mọ̀ nìyẹn. Mo ti ń wo iye tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ kí sístà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tó sọ fún mi pé wọ́n ti ṣí ibi eré kẹ̀kẹ́ BMX sí Burgess Park ní 2013, pé ẹgbẹ́ kan tiẹ̀ wà, Peckham BMX, tí kóòṣì kan tó ń jẹ́ CK Flash dá sílẹ̀ látọdún 2004 fáwọn ọmọ àdúgbò. Mo ní kẹ̀kẹ́ kẹ̀? Ọmọ tó ń gbé ọ̀bẹ kiri, ẹ tún fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ fún un kó lè tètè sá mọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́?

Mo ṣáà mú un lọ. Òkè kan ga báyìí, ọmọ 8 á tò sẹ́nu géètì irin tó wà lórí ẹ̀, ẹ̀rọ á sọ ọ́ lóyìnbó pé kí wọ́n múra, kí wọ́n wo géètì, á dún pí pí pí, géètì á wó gbàà, wọ́n á tú jáde bí adìẹ tí wọ́n ṣí àgò lórí ẹ̀. Bọ́m̀pù lórí bọ́m̀pù, kọ́nà tó dagun, kẹ̀kẹ́ ò sì ní ju jíà kan ṣoṣo lọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan ó ti parí.

Ọmọ mi tí ò bẹ̀rù ọlọ́pàá, tí ò bẹ̀rù èmi ìyá ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n lórí òkè yẹn, mo rí i kedere láti ìsàlẹ̀. Géètì wó, ọmọbìnrin kan tí ò lè ju ọdún 8 lọ kọjá lára ẹ̀ fìrì, tèmi ṣubú ní bọ́m̀pù kejì, ìgúnpá bó. Mo fẹ́ sáré lọ, kóòṣì nawọ́ sí mi pé kí n dúró. Kò sọ pẹ̀lẹ́, kò pariwo, ó kàn bi í pé ibo lò ń wò? Ọmọ ní ilẹ̀. Ó ní ìdí tó o fi bá ara ẹ nílẹ̀ nìyẹn, gbé kẹ̀kẹ́ ẹ, padà sókè.

Ká sòótọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kóòṣì ló mú un padà lọ ní Satidé kejì, ọmọbìnrin yẹn ni. Ìtìjú!

Òfin tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé ẹni tí sukúù bá lé sílé lọ́sẹ̀ yẹn ò ní gun kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wá, á máa gbálẹ̀, á máa bá àwọn kékeré de hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́dọ̀ wá o! Torí níbòmíì tí wọ́n bá ti lé ọmọ, wọ́n lé e nìyẹn, ìta ló ń gbà á. Àwọn ọmọ SE17 tí wọ́n jọ ń lé ara wọn kiri náà wà ńbẹ̀, gbogbo wọn de hẹ́límẹ́ẹ̀tì bojú, ta ló fẹ́ dá ta mọ̀.

Kò rọrùn o. Wọ́n jí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ nísàlẹ̀ fláàtì wa, ó mọ ẹni tó jí i, lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtijọ́ bá jáde lálẹ́. Mo pe kóòṣì laago 11, aṣọ tó fi ń sùn ló wọ̀ wakọ̀ jáde. Mi ò mọ ohun tó bá a sọ nínú ọkọ̀. Aago 2 ni wọ́n dé, ó jẹ Indomie, ó sùn. Kẹ̀kẹ́ ò padà wá títí dòní.

Nígbà tí Kye Whyte, ọmọ Peckham BMX, gba mẹ́dàlì fàdákà ní Olympics Tokyo lọ́dún 2021, tèmi ti pé 20, ó ń kọ́ṣẹ́ iná. Ó pè mí látibi iṣẹ́, ó ń pariwo bíi pé òun ló gùn ún.

Ọmọ Etíkun:
Mummy, ẹ kú oríire. Omi ni tèmi. Abẹ́ bíríìjì CMS ni mò ń sùn lọ́mọ ọdún 15, mò ń gbowó lọ́wọ́ dírẹ́bà, ẹ ti mọ irú ẹ̀. Bọ̀dá kan tó ń wa bóòtù gbé mi lọ sí Tarkwa Bay, etíkun kan l'Ékòó, pé kí n máa bá òun já ẹrù, ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn ọmọ kéékèèké tó ń dúró lórí pátákó lójú ìgbì. Mo ní kí wọ́n fún mi, ṣebí èmi ni jàǹdùkú. Ìgbì gbé mi sábẹ́, ó yí mi bí ẹni ń fọṣọ, mo mu omi iyọ̀ yó. Wọ́n ní tó bá gbé ẹ wọlẹ̀ má bá a jà, sé èémí, á já ẹ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Èmi ò mọ nǹkan kan tí èèyàn kì í bá jà kó tó dìgbà yẹn.

January 2020 ni wọ́n wá lé àwọn tó ń gbébẹ̀, wọ́n ba ilé wọn jẹ́, àwọn tá a jọ ń gun ìgbì fọ́n ká. Mo rí méjì lábẹ́ bíríìjì tí èmi ti kúrò. Ìgbì ṣì wà ńbẹ̀ o, ilé ni ò sí.

Bàbá Ṣọ́jà:
Ẹ má bínú o, àbúrò tèmi ń gun skateboard, pátákó onítáyà yẹn, ó sì ń mugbó. Wọ́n jọ ń lọ ni. Ó ti kán lápá, èmi ni mo sanwó.

Màmá Peckham:
Pẹ̀lẹ́ o. Ta ni kóòṣì ẹ̀?

Bàbá Ṣọ́jà:
Kò ní kóòṣì kankan, mà. YouTube ló ń wò.

Màmá Peckham:
Hẹn-ẹ̀n.