Àwòsè ni àbí àrísè?

Ẹ̀gbọ́n, mo rí àbá yín pé oúnjẹ alẹ́ tí àwọn alásè bá jọ gbé kalẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, "àwòsè" ni ká máa pè é. Ó dùn lẹ́nu, kò sì gùn. Àmọ́ nǹkan mìíràn ni mo rò pé ó ń tọ́ka sí.

"Wò" inú irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í jìnnà sí àdàkọ. Ẹ wo "àwòkọ", tí tíṣà ń torí rẹ̀ fún ọmọ ní òdo. Ẹni tó ń wò sè, ohun tó rí gẹ́lẹ́ ló ń sè.

Irú rẹ̀ sì ti wáyé. Lọ́dún 2016 ni alásè kan, Corey Lee, ṣí ilé oúnjẹ In Situ sínú SFMOMA, ilé ọnà òde òní ní San Francisco. Oúnjẹ tí àwọn alásè káàkiri àgbáyé ti dá sílẹ̀ ni wọ́n ń sè níbẹ̀ kó tó di pé wọ́n tì í pa, wọ́n á sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín síwájú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lẹ ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Páì lẹ́mọ́ọ̀nù Massimo Bottura, alásè ará Ítálì, wà lára wọn, èyí tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Modena, tó fọ́, tí ọ̀gá sì ní kí wọ́n máa gbé e fún oníbàárà bẹ́ẹ̀. Ní San Francisco, ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń fọ́ tiwọn. Àní àṣìṣe oníṣìṣe, wọ́n wò ó sè! Ìyẹn gan-an ni àwòsè.

Ṣùgbọ́n alásè tó rí àdìrẹ lára ògiri, tó wá ro àmàlà dúdú, tó fi ẹ̀gúsí funfun fín ọnà sí i lára, kí ló dà kọ? "Rí" ló yẹ ẹ́, bíi ti "àríkọ́gbọ́n": ẹni tó rí ohun tó ṣe aládùúgbò tó sì kọ́gbọ́n, kì í lọ ṣe irú rẹ̀. "Àrísè" lèmi fara mọ́.

"Àsè onímìísí" tí àǹtí wa dábàá, ẹ jẹ́ ká fi ìmísí sílẹ̀ fún Ìwé Mímọ́. "Àjọsè" ńkọ́? Ọwọ́ tó pọ̀ nídìí ààrò nìkan ló sọ; àwọn ìyàwó ilé tó ń dáná ìnáwó náà ń ṣe é.

Ẹ sáà má yọ àmì kúrò lórí "àrísè" o. Láìsí àmì, àwọn ọmọ wa á pè é bí ọ̀rọ̀ òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ orin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí wọ́n pa tì lọ́dún 2024.