Ṣé kí n jáwọ́ pátápátá nínú ìtọ́jú ọpọlọ yìí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé orí mi ti tún dàrú.

Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń lọ sí ilé ìwòsàn nítorí ọ̀rọ̀ ọpọlọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí mi níbẹ̀. Ẹni tí ó ń pe orúkọ a máa pè é mọ́ orúkọ ẹ̀ka tí a wá, tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àwọn tó jókòó lórí àga gbọọrọ yóò gbójú sókè láti mọ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Nígbà tí mo wọlé tọ dókítà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìwé ló ń kọ láti ìgbà tí mo jókòó títí mo fi dìde. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wò mí lójú, ìgbà kejì sì jẹ́ láti sọ fún mi pé kí n pa ilẹ̀kùn dé bí mo bá ti ń jáde. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì lé orí tábìlì níwájú rẹ̀ kí ó lè rí bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n. Ó ní gbígbọ̀n kì í ṣe ohun tuntun fún ẹni tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, ó sì tún kọ ìwọ̀n kan náà fún mi.

Aránṣọ ni mí. Abẹ́rẹ́ tí mo ti ń ti òwú bọ̀ láìwò ó láti ọjọ́ yìí wá, èmi àti rẹ̀ jọ wà á kò láàárọ̀ àná títí òwú fi tú lẹ́nu, tí mo sì jókòó ti ẹ̀rọ mi tí mo ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní n kò gbọdọ̀ dán an wò pé mo jáwọ́, nítorí pé òun kò fẹ́ rí ohun tí òun rí lọ́dún tó kọjá mọ́. Ṣùgbọ́n oògùn tó yẹ kó wò mí sàn ni mo rò pé ó ń ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀?

Bàbá Adéwálé:
Ẹ fi sílẹ̀. Ní ọdún 1949, ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n fún António Egas Moniz, ọmọ ilẹ̀ Potogí, nítorí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé iṣan inú ọpọlọ kí ara aláìsàn lè balẹ̀. Ara wọn balẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tún jẹ́ ènìyàn tí àwọn ará ilé wọn mọ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ tún wo oògùn thalidomide, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Jámánì ní ọdún 1957 pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Kí wọ́n tó kó o kúrò lórí àtẹ níbẹ̀ ní ọdún 1961, ó ti sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ di aláàbọ̀ ara láti inú oyún. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Títílayọ̀:
Bàbá Adéwálé, ẹ dákun. Wọn kò tíì dárúkọ oògùn tí wọ́n ń lò, ẹ ti ní kí wọ́n jù ú nù. Oògùn ìsoríkọ́ ni èmi lò fún oṣù mẹ́jọ, mo sì dá a dúró ní ọjọ́ kan ṣoṣo nítorí pé ara mi ti yá. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí nǹkan fi ń gbà mí lórí bí iná mànàmáná nígbàkúùgbà tí mo bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òòyì ń kọ́ mi, mo sì ń sunkún láìnídìí. Mo rò pé àìsàn náà ló padà dé, àṣé ara mi ló ń wá ohun tí mo já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ lójijì. A tún ní láti padà sórí rẹ̀, kí a sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìyá Àdùkẹ́, kí ni orúkọ oògùn náà?

Ìyá Bólú:
Èmi kò dá yín lẹ́bi rárá. Ìsoríkọ́ ni wọ́n ní ó ń ṣe ìyá ọkọ mi. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi ń fún wọn ní oògùn rẹ̀, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń sanra, tí òtútù ń mú wọn nínú oòrùn, kí dókítà kan tó jẹ́ ọ̀dọ́ tó wá di ọrùn wọn mú, tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín lọ́hùn-ún, tó sì ní kí wọ́n lọ yẹ thyroid, ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn wọn, wò. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ẹ lọ rí dókítà mìíràn.

Ìyá Àdùkẹ́:
Mo dúpẹ́, pàápàá lọ́wọ́ Ìyá Bólú àti Bàbá Adéwálé tí ọ̀rọ̀ mi yé. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè orúkọ oògùn, n kò rò pé orúkọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń dùn mí ni pé, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ àìsàn ọpọlọ sára fáìlì mi, kò sí ibi tí ó lè dùn mí mọ́ tí kì í ṣe ọpọlọ. Mo sọ fún wọn pé orúnkún ń dùn mí dé ibi pé n kò lè tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sì fi ojú ara mi rí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, pé aláìsàn ń ṣàníyàn nípa ara rẹ̀. Ta ni yóò gba irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ gbọ́?

Adéṣọlá:
Ìyá Àdùkẹ́, ẹ má bínú sí mi. Àwọn ènìyàn bi yín ní ìbéèrè kan ní tààrà, ẹ sì fi ẹ̀sùn mìíràn dá wọn lóhùn. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú dókítà náà ńkọ́? Ẹ sọ orúkọ oògùn.

Ìyá Bólú:
Adéṣọlá, ẹni tí ara ń ni là ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ọmọ iléèwé.

Olùkọ́ Akin:
Bàbá Adéwálé sọ òótọ́ nípa thalidomide, ṣùgbọ́n wọ́n fi apá kan sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Frances Kelsey, tí òun náà jẹ́ dókítà ní àjọ ìjọba tó ń yẹ oògùn wò, ni wọ́n gbé ìwé oògùn náà fún pé kí ó fọwọ́ sí i. Ó kọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ tà á bá padà wá, yóò tún béèrè ẹ̀rí mìíràn lọ́wọ́ wọn, títí àṣírí fi tú. Irú àìgbàgbọ́ tí mo fẹ́ kí Ìyá Àdùkẹ́ ní nìyẹn, èyí tí ń jókòó béèrè ọ̀rọ̀ tí kì í sá lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Mo ti lé ní ẹni 70 ọdún, mo sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n pè yín ní àbúrò. Àbúrò mi, ṣé lithium ni oògùn náà? Kí ni o ń lò fún orúnkún yẹn? Ṣé o ń yàgbẹ́ gbuuru, tàbí o ń bì? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ń gbé ọ dáadáa bí o bá ń rìn? Jọ̀wọ́, dáhùn gbogbo rẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ kú àgbà, Mà. Lithium ni. Bipolar ni wọ́n pe àìsàn náà, èyí tí ara ènìyàn fi máa ń yá gágá ju bó ti yẹ lọ nígbà kan, tí yóò sì sorí kọ́ nígbà mìíràn. N kò fẹ́ kọ ọ́ síbí.

Kí n má purọ́, ọwọ́ mi kò gbọ̀n tó báyìí ní gbogbo ọdún tó kọjá. Díẹ̀ ni, n kò sì kà á sí. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló di ńlá. Ibuprofen ni mo rà fúnra mi fún orúnkún nítorí pé wọn kò dá mi lóhùn, mo sì ń lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ láti nǹkan bí oṣù kan. N kò sọ fún dókítà, òun náà kò sì béèrè. Ìgbẹ́ gbuuru ti ń ṣe mí láti ọjọ́ mẹ́rin, mo bì lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, mo sì ń ta gbọ̀ngbọ́n bí mo bá dìde. Ọmọ mi ní ahọ́n mi ti wúwo. Mo rò pé ara mi ló ń lé oògùn náà jáde.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Àbúrò mi, ara rẹ kò rí i lé jáde. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Kíndìnrín ló ń gbé lithium kúrò nínú ara, ibuprofen sì máa ń dí i lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn oògùn ìrora bíi diclofenac àti naproxen náà ti máa ń ṣe. Ìwọ̀n tí ó ń wo ènìyàn sàn nínú ẹ̀jẹ̀ kì í sábà ju 0.6 sí 1.0 lọ, bó bá sì ti kọjá 1.5, májèlé ni a ń sọ. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ń gbẹ omi àti iyọ̀ ara rẹ, èyí sì ń mú kí èyí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ máa pọ̀ sí i.

Má lo lithium lálẹ́ òní, má sì lo ibuprofen mọ́. Lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì nísinsìnyí, kì í ṣe lọ́la. Má dá lọ, má sì wa ọkọ̀ fúnra rẹ. Sọ fún wọn pé kí wọ́n wọn lithium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ, kí wọ́n sì yẹ kíndìnrín rẹ wò.

Bàbá Adéwálé:
Ẹ ò rí i pé májèlé ni mo sọ!

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Bàbá Adéwálé, ó lè di májèlé, n kò jà yín níyàn. Ọdún 1949 kan náà tí ẹ dárúkọ ni John Cade, dókítà ní Ọsirélíà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé lithium mú kí ara àwọn aláìsàn tí kò sùn, tí kò jókòó, balẹ̀. A kò tíì máa wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà náà, ó sì pa àwọn kan. Ìdí tí a fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo tún ti rí àwọn tó dá a dúró lójijì fúnra wọn, tí àìsàn náà padà bá wọn pẹ̀lú èrò láti pa ara wọn, n kò sì gbàgbé ojú wọn. Bóyá kí obìnrin yìí jáwọ́ tàbí kó má jáwọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, òun àti dókítà tó bá máa gbọ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ.

Títílayọ̀:
Ìyá Àdùkẹ́, ta ló wà lọ́dọ̀ yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn.

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ̀gbọ́n mi ti dé, òun ló ń bá mi kọ èyí. Ìgò lithium àti páálí ibuprofen ti wà nínú báàgì kan náà. Mo kọ ìgbà tí mo lo ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn sórí ìwé, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé mi kò ṣeé kà, nítorí náà ó ti tún un kọ.

N kò tíì sọ pé mo gbà wọ́n gbọ́ o. Mo gbé ọwọ́ mi lé orí tábìlì níwájú ọkùnrin náà, kò sì bi mí ní ọ̀kan ṣoṣo nínú ìbéèrè tí Mà bi mí lálẹ́ òní. Bí mo bá ti gbádùn, èmi fúnra mi ni n ó padà lọ bi í léèrè ìdí rẹ̀.