Èsì: "ìdájọ́ òdodo àyíká" kò gbé ọ̀rọ̀ yìí débi tó ń lọ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìléwọ́ lórí ìdọ̀tí àsìkò Kòrónà fún àwọn tó ń gbé nítòsí ààtàn béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ wa: kí ni ká máa pe àwọn ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ tí àjàkálẹ̀ àrùn náà kó jọ, kí ni ká pe environmental justice, ìyẹn ìjà pé kí ìdọ̀tí àti ewu àyíká má di ẹrù àwọn kan nìkan, kí sì ni ká pe àwọn àdúgbò tí ọ̀rọ̀ náà ń pa lára jù. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà fèsì: "pàǹtí àjàkálẹ̀ àrùn", "ìdájọ́ òdodo àyíká", "àwùjọ aláìlágbára". Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà á bẹ́ẹ̀.

Pàǹtí ni ohun tí à ń fi ìgbálẹ̀ gbá: ewé, bébà, ọ̀rá, páálí. Ìdọ̀tí gbòòrò jù ú lọ. Ẹ̀gbin sì ni èyí tí ara ń kọ̀, tó lè kó àrùn báni. Ẹ wo ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2022. Wọ́n ní ohun èlò àyẹ̀wò tí àjọ àgbáyé kó ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè lé ní mílíọ̀nù 140, pé ó lè di 2,600 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí tí kì í ranni, tó jẹ́ pé ike ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àti 731,000 lítà omi kẹ́míkà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó lé ní bílíọ̀nù 8 tí wọ́n gún káàkiri ayé tún fi 144,000 tọ́ọ̀nù síríńjì, abẹ́rẹ́ àti àpótí tí wọ́n ń kó wọn sí kún un. Ta ló máa pe omi kẹ́míkà ní pàǹtí? Ta ló máa pe abẹ́rẹ́ tó ti wọ ara ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀?

Lásìkò yẹn, bí òjò bá dá, ẹ ó rí ìbòmú nínú gọ́tà, okùn etí rẹ̀ á ti lọ́ mọ́ ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ojú rẹ̀ á ti dúdú, kò sì ní jẹrà torí pé ike ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó ń ṣa ọ̀rá tà máa fi ọwọ́ lásán tú u kúrò lára ọjà rẹ̀ ni. Ọwọ́ ẹni yẹn ni ìwé ìléwọ́ yìí fẹ́ dáàbò bò, nítorí náà kò gbọdọ̀ fi orúkọ kan pe gbogbo rẹ̀. "Ìdọ̀tí àjàkálẹ̀ àrùn" ni mo fara mọ́ fún àpapọ̀ rẹ̀, ká wá fi pàǹtí sílẹ̀ fún páálí àti ọ̀rá, ká pe èyí tó ti kan ara aláìsàn ní ẹ̀gbin.

Èyí tó ká mi lára jù ni "ìdájọ́". Kóòtù ni ìdájọ́ ń gbé wa lọ, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìjà yìí ní Amẹ́ríkà sì lọ sí kóòtù, wọ́n pàdánù. Ní ìlú Houston, ní 1979, Robert Bullard, onímọ̀ nípa àwùjọ, ka ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí ìlú sí nítorí ẹjọ́ tí àwọn ará àdúgbò aláwọ̀ dúdú kan pè láti dí ààtàn kan lọ́wọ́. Gbogbo ààtàn márààrún tí ìjọba ìlú ní ló wà ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Nínú ìléru mẹ́jọ tí wọ́n fi ń sun ìdọ̀tí, mẹ́fà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ará ìlú lọ. Adájọ́ kò dá wọn láre. Ní Warren County, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ní 1982, kóòtù kò dí ààtàn tí ìjọba fẹ́ da erùpẹ̀ olóró sí lọ́wọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ló lọ dùbúlẹ̀ sójú títì níwájú ọkọ̀ tó ń kó erùpẹ̀ náà bọ̀, ọlọ́pàá sì kó èèyàn tó lé ní 500. Nílé wa ńkọ́? Abala 20 ìwé òfin 1999 ní kí ìjọba dáàbò bo àyíká, abala 6 inú ìwé kan náà sì gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ilé ẹjọ́.

Ohun tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ń sọ ni pé wọ́n rẹ́ wọn jẹ. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu wa: ọmọdé tí wọ́n bu ẹran kékeré fún mọ ìrẹ́jẹ, gbogbo wa la sì ń sọ pé kò sí ìrẹ́jẹ nínú fọ́tò. Torí náà, "ìrẹ́jẹ lórí àyíká" ni kí ìwà burúkú náà máa jẹ́, kí ohun tí à ń jà fún jẹ́ "àìrẹ́nijẹ lórí àyíká". Mo fi "lórí" sí i kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àyíká ló ń rẹ́ni jẹ. Ẹni tó ní "àì-" kò yẹ ọ̀rọ̀ tó dára, ṣé àìkú kọ́ ló parí ìwà ni? "Àìṣojúsàájú" kò burú, àmọ́ ẹni tó ń pín nǹkan ló ń wò, kò wo ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Ẹnìkan tún fi òwe sí i láàárọ̀ àná pé ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Òótọ́ ni, ààtàn kì í kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn Olúṣòsùn ní Òjótà, àwọn mìíràn sì ń ti ibẹ̀ jẹun, wọn kì í ṣe ààtàn. Mi ò sì lè pè wọ́n ní aláìlágbára. Ẹni tó ń ru àpò ike gun òkè ìdọ̀tí nínú oòrùn ní agbára ju èmi lọ. Ohun tí wọn kò ní ni ẹni tó máa bi wọ́n léèrè kí ọkọ̀ tó dà á sílẹ̀. Ní Koko, ní ìpínlẹ̀ Delta, níbi tí àṣírí ti tú ní 1988, àgbàlá ẹnìkan ni wọ́n háyà fún owó táṣẹ́rẹ́ láti kó dúróòmù ìdọ̀tí olóró láti Ítálì sí, kò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àìsọ fún un ló ṣe é, kì í ṣe àìlágbára. "Àdúgbò tí ewu sún mọ́" ni mo dábàá. Níbi tó bá ti jẹ́ owó ni à ń sọ, mẹ̀kúnnù ti tó.

Àbúrò, gbìyànjú gbólóhùn yìí wò: "Gbogbo ayé ló lo ìbòmú àti abẹ́rẹ́, bí ẹ̀gbin rẹ̀ bá wá di ti àdúgbò wa nìkan, wọ́n rẹ́ wa jẹ." Kà á sétí àwọn tó ń ṣa ike kó o tó tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú ìdọ̀tí yìí láàárín ara wọn, mú un wá fún wa. Tiwọn ni kó wọ inú ìwé náà.