Ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tó wà nílé oko wa: ṣé ká gbà kí wọ́n tà á?

Àdùkẹ́ Sùúrùlérè:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Sùúrùlérè lèmi àti ọkọ mi ń gbé, àmọ́ oko bàbá ọkọ mi wà lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Pákí la gbìn síbẹ̀, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, pẹ̀lú àwọn ọ̀pẹ tí bàbá fọwọ́ ara wọn gbìn. Láràárọ̀ Sátidé, a ti gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Tá a bá ṣíwọ́ oko, ẹrù àtijọ́ là ń wá kiri, nígbà mìíràn ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà mìíràn ní Abẹ́òkúta. Fìtílà, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ọpọ́n ayò, àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì ayé ọjọ́un, gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Mi ò tà wọ́n. Mo fẹ́ káwọn ọmọ mi fojú rí ohun táwọn ìyá ńlá wọn lò.

Wàhálà tó dé rèé. Ilẹ̀kùn gbígbẹ́ kan wà lẹ́nu yàrá tí bàbá bàbá ọkọ mi ń sùn nílé oko náà. Odindi igi kan ni, kò ní ìdè irin kankan. Ara igi yẹn náà ni wọ́n ti gbẹ́ ṣóńṣó tó ń yí nínú ihò lókè àti nísàlẹ̀. Ẹlẹ́ṣin wà lókè, ìjàpá wà nísàlẹ̀. Obìnrin tó pọn ọmọ ló wà láàárín, níbi tí ọwọ́ ń bà láti tì í, ojú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán.

Ọkùnrin kan wá láti Lẹkí, ó lóun fẹ́ rà á, pẹ̀lú ère ìbejì méjì tó wà nínú àpótí kan níbẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ní ká gbowó náà, ká fi ra ẹ̀rọ tá a ó máa fi lọ pákí. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan. Àbúrò bàbá wọn tí í ṣe olórí ẹbí wà ní Ìsàlẹ̀-Èkó, wọn ò tíì gbọ́ rárá. Ìyàwó ni mí, wọn ò bí mi sínú ẹbí náà. Ṣé kí n la ẹnu mi?

Inú àpótí yẹn la ti rí owó aníni kan, ihò láàárín rẹ̀, orúkọ George V ọba Gẹ̀ẹ́sì lára rẹ̀. Ṣé ó lè jẹ́ ká mọ ọjọ́ orí ilẹ̀kùn náà?

Dámọ́lá Yábàá:
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tà á o. Ikán ló máa jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹ̀rọ pákí á máa pawó wọlé, ilẹ̀kùn ò lè bọ́ ẹnì kankan.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Èkó:
Dámọ́lá, rọra. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá wọn níbẹ̀, rí i, ó wù wọ́n. Àga ọba tí wọ́n kàn nílùú òyìnbó ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ fún Kábíyèsí. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò padà wálé. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ rí ohun tí wọ́n gbẹ́ sílé ọba rẹ̀ lónìí, físà ni yóò kọ́kọ́ lọ tọrọ. Ó ń dùn mí o.

Àǹtí, èmi náà ń ra ẹrù àtijọ́, mi ò bá olùtà jà. Aago ògiri, kẹ̀kẹ́ Raleigh, ẹ̀rọ ìránṣọ Singer: ilé iṣẹ́ ló ṣe wọ́n fún títà, ẹni tó bá lówó kó rà. Àmọ́ ohun tí wọ́n gbẹ́ fún ilé kan, tàbí fún ìbejì ilé kan tó kú, ìyẹn ní olóhun. Tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ wá bá mi, mo máa ń béèrè ilé tó ti wá. Tí ẹni tó gbé e wá bá ń kálòlò, mi ò rà á nìyẹn. Bí kì í bá ṣe olè, á jẹ́ ère tuntun tí wọ́n fi èéfín rá kó lè dà bí ogbó.

Lọ́ọ̀yà Èbúté-Mẹ́ta:
Arábìnrin, òfin ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Òfin 1979 tó dá NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, sílẹ̀ ní iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe kó tó di 1918 jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó dárúkọ ilẹ̀kùn, ó dárúkọ òpó ilé. Èyí tí wọ́n bá ti lò fún ètò ìbílẹ̀, tó sì níyì ní ti ìtàn tàbí ọnà, ó wà nínú rẹ̀ kódà kó jẹ́ lẹ́yìn 1918 ni wọ́n ṣe é. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ máa ka ọdún fún ère ìbejì yẹn. Aṣojú tí àjọ náà fọwọ́ sí nìkan ló láṣẹ láti rà irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí ọkùnrin Lẹkí náà mú ìwé rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e kọjá bodè gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ pẹ̀lú.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa, iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ gbé e lọ bá wọn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn. Fọ́tò ni o, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Ní ti ẹbí: bí ilẹ̀ ẹbí ṣe rí ni kí ẹ fi wò ó. Ọmọ ẹbí kan ò lè dá a tà lẹ́yìn olórí ẹbí; ẹni tó bá rà á bẹ́ẹ̀, òfo ló rà.

Ní ti aníni, George V jọba láti 1910 sí 1936. Gbogbo ohun tó fi hàn ni pé wọn ò jù ú sínú àpótí ṣáájú ìgbà yẹn. Kò kan ilẹ̀kùn. Àgbà ilé ni kí ẹ bi léèrè ẹni tó kọ́ yàrá yẹn àti ibi tí wọ́n ti mú gbẹ́nàgbẹ́nà wá, kí ẹ sì gbohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Mushin:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi. Tí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ tó gun ògiri bọ̀, ikán nìyẹn, inú ilẹ̀ ló ti ń wá. Tí ihò wẹ́wẹ́ bá wà lára igi, tí ìyẹ̀fun ń dà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò inú igi ni. Ẹ gbá ìyẹ̀fun náà nù, kí ẹ padà wò ó lọ́sẹ̀ kejì. Bí òmíràn bá tún dà, ó ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ má kùn ún ní fánísì. Ẹ má fi ọ́ìlì dúdú táwọn mẹkáníìkì ń dà nù pa á lára. Ẹ má gbé e sóòrùn, yóò sán. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lẹ fi máa gbọn eruku rẹ̀. Kí ẹ sì wo ṣóńṣó ìsàlẹ̀ yẹn: tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ń tutù lásìkò òjò, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ jẹrà.

Ìyá Ẹlẹ́gẹ́ Ìkòròdú:
Ọmọ mi, o láṣẹ láti sọ̀rọ̀, àmọ́ mọ ẹni tí wàá bá sọ ọ́. Má lọ bá olórí ẹbí tààrà. Lọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó wọn, ìyáálé rẹ, kó o rò fún wọn. Kí ọkọ rẹ gbọ́ kó o tó lọ o, kó má dà bí ẹni pé o lọ fi àbúrò rẹ̀ sùn.

Àbúrò ọkọ rẹ náà ò burú. Ẹni tó ń fi ọwọ́ rin pákí mọ ohun tó ń wá. Ẹ bá àwọn tí oko wọn bá tiyín pààlà sọ̀rọ̀, kí ẹ dá owó jọ ra ẹ̀rọ kan tí gbogbo yín á máa lò. Bá a ṣe ṣe tiwa nìyẹn.

Àdùkẹ́ Sùúrùlérè:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fi ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀yà han ọkọ mi. Ó kà á, ó sì pe àbúrò rẹ̀ pé kó má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Mò ń lọ sí Ìsàlẹ̀-Èkó lọ́la lọ bá ìyáálé mi. Bùrọ̀dá Gbẹ́nàgbẹ́nà, ìyẹ̀fun wà lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ṣé ẹ lè bá wa dé Ẹ̀pẹ́ ní Sátidé?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Mushin:
Màá wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi kàn án kí n tó dé.