Ìró m̄ inú èdè Mwotlap: ẹ bá mi dá sí i

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ èdè. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń sọ èdè Mwotlap ní erékùṣù Motalava ní àríwá Vanuatu, orílẹ̀-èdè kan nínú Òkun Pàsífíìkì. Lẹ́tà q wọn kò ṣòro: p tiwa ni, àfi pé wọ́n máa ń ṣu ètè jọ sí i. Fáwẹ́lì wọn méje, bí àìránmúpè tiwa. Wọn ò ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ (ìsinmi ńlá nìyẹn!).

M̄ ló dà mí láàmú, èyí tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ èdè náà gan-an (M̄otlap ni àwọn fúnra wọn ń kọ ọ́). Imú ni wọ́n fi ń pè é, ètè á padé, ẹ̀yìn ahọ́n á kan àfàsé (ibi tó rọ̀ ní òkè ẹnu lẹ́yìn) lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé òun náà ni “ń” inú “mò ń gbọ́”? Báwo ni mo ṣe lè pè é láìsí gb lẹ́yìn rẹ̀?